Mọ́tò ń jo omi, ilé sì jìnnà: bẹ́ ẹ ṣe máa lo stop leak tí ò fi ní ba ẹ́ńjìnnì yín jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wakọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, tàbí tẹ́ ẹ máa ń gba Ìgbàrà-Òkè lọ sí Iléṣà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an o. Tí rédíétọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbi tí kò sí mẹkáníìkì nítòsí, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láàárín wákàtí kan àkọ́kọ́ yẹn ló máa sọ bóyá owó klíìpù lẹ máa san tàbí owó odindi ẹ́ńjìnnì.

Oògùn inú ike kékeré kan wà tí wọ́n ń tà nílé epo àti lọ́dọ̀ àwọn oní-sípéà páàtì, stop leak ni gbogbo èèyàn ń pè é, inú rédíétọ̀ ni wọ́n ń dà á sí kó lè dí ojú ibi tó ń jò. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rárá, wọ́n ní ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí omi bá ti dín díẹ̀ báyìí, ike kan tún ti wọlé. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Stop leak níṣẹ́ tó lè ṣe, iṣẹ́ náà ni pé kó gbé yín délé tàbí kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń jò kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun, torí ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí i pé kò tiẹ̀ kan stop leak rárá.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè. Ẹ pa AC lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá tíì sí àyè láti dúró, bóyá ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, tí ọkọ̀ wà níwájú tó wà lẹ́yìn, ẹ tan hítà kó máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná dé òpin, mo mọ̀ pé ooru ẹ̀ á pọ̀ lára yín, ẹ ṣí wíńdò, ẹ fara dà á, torí rédíétọ̀ kékeré ni hítà yẹn náà, ó ń bá ẹ́ńjìnnì gbé ooru dànù. Bẹ́ ẹ bá ti rí àyè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọmọrí rédíétọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ojú èèyàn ló wà nínú ewu níbẹ̀. Ọmọrí yẹn dé omi pa mọ́nú rédíétọ̀ ni, agbára tó ń ti omi náà láti inú máa ń tó nǹkan bíi psi 13 sí 16 nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò (psi ni wọ́n fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀), ìyẹn ló jẹ́ kí omi lè kọjá 100°C kó má tíì hó. Bẹ́ ẹ bá wá já ọmọrí yẹn lójijì, omi yẹn á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde sójú, sọ́rùn, sáyà yín. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí ó kéré tán, wákàtí kan ló dáa jù. Ẹ wá fọwọ́ kan họ́ọ̀sì ńlá tó wà lókè, tẹ́ ẹ bá lè dì í mú tí kò jó yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀, ẹ mú àkísà tó nípọn bo ọmọrí náà, ẹ yí i díẹ̀ títí táá fi kọ́kọ́ dúró, ẹ jẹ́ kó mí síta dáadáa, kẹ́ ẹ tó wá ṣí i pátápátá. Ojú yín kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má wà lókè ẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn àwọn èèyàn á ti pé jọ, ìmọ̀ràn á pọ̀, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì lórí kó lè tètè tutù. Ẹ má gbà. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà àwọn mọ́tò ìsinsìnyí, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, tí omi tútù bá bá a lójijì nígbà tó gbóná yẹn, ó lè sán, ó sì lè tẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé ẹ ṣeun, ẹ wá ibi tí ibòji wà, ẹ jókòó.

Wàyí o, ibo ló ń jò? Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé omi rédíétọ̀ ni. Omi AC náà máa ń kán sílẹ̀, pàápàá nígbà òjò, ó máa ń kán gan-an ni, ẹ̀rù á sì máa ba èèyàn lásán. Omi AC mọ́ gaara, kò lóòórùn, abẹ́ ibi tí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí ló sábà máa ń kán sí. Kúláǹtì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, ní tiẹ̀ láwọ̀, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè pupa, ó lè jẹ́ píǹkì, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn ẹ̀ sì dùn. Ẹ má tọ́ ọ wò lẹ́nu o, májèlé ni. Tó bá jẹ́ omi lásán lẹ ti ń dà síbẹ̀ látọjọ́ yìí, á ti pọ́n, ìpẹtà inú ẹ́ńjìnnì ló pọ́n ọn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kódà kó jẹ́ ọ̀sán gangan, torí òkùnkùn wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo họ́ọ̀sì òkè, ẹ wo ti ìsàlẹ̀, ẹ wo gbogbo ibi tí klíìpù ti dì wọ́n mú, níbẹ̀ lọ̀pọ̀ jíjò ti ń wá, klíìpù tó ti dógùn-ún tàbí èyí tí mẹkáníìkì ò fún le nígbà tó tú u kẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí ike dúdú orí rédíétọ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù tó wà láàárín, ooru máa ń mú ike yẹn gbó, á wá sán fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tójú ò ti tètè rí i. Ẹ wo ìdí rédíétọ̀, síkúrù ike kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń tú omi dànù, ó lè jẹ́ pé kò kàn le ni. Ẹ wo wọ́tà pọ́ǹpù, òun ló ń ti omi yí káàkiri ẹ́ńjìnnì, ihò kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló dìídì lu ú, tí síìlì inú pọ́ǹpù bá ti kú, omi á máa gba ibẹ̀ jáde kó lè ta yín lólobó, ẹ ò gbọ́dọ̀ dí ihò yẹn, pọ́ǹpù lẹ máa pààrọ̀. Ẹ wo àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó wọnú mọ́tò lọ síbi hítà, tí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ bá rin tí òórùn dídùn yẹn sì wà nínú mọ́tò, hítà ló ń jò. Ẹ má gbàgbé rọ́bà tó wà lábẹ́ ọmọrí rédíétọ̀, tó bá ti gé tàbí tó ti le gbagidi, kò ní lè dá omi dúró mọ́, ọmọrí tuntun lẹ máa rà, oògùn kankan ò lè ṣe é.

Ibi tó bá ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, omi á ti gbẹ síbẹ̀, á fi àbàwọ́n funfun tàbí píǹkì sílẹ̀. Ẹ tọ àbàwọ́n yẹn lọ sókè, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá ni ibi tó ń jò, torí omi ń ṣàn wálẹ̀ ni, ibi tó ti ń kán sílẹ̀ lè jìnnà sí ibi tó ti ń wá. Tó bá jẹ́ ilé lẹ wà, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò lálẹ́, ẹ wo ibi tó rin láàárọ̀.

Tó bá jẹ́ klíìpù, ẹ fi súkúdíráfà fún un le, ẹ da omi sí i, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì ló ya tí họ́ọ̀sì náà sì ṣì gùn tó, ẹ gé ibi tó ya kúrò, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ fi klíìpù dì í. Tó bá jẹ́ àárín ló ya, ẹ nu ún gbẹ, ẹ wá túùbù ọ̀kadà tó ti gbó lọ́dọ̀ fọkanáísà, agbára káká lẹ máa fi dé abúlé kan lójú ọ̀nà wa tí kò ní fọkanáísà, ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ẹ máa fà á le dáadáa bẹ́ ẹ ṣe ń wé e, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí họ́ọ̀sì ṣì ti dáa, kẹ́ ẹ wé e kọjá ojú ibi tó ya, kẹ́ ẹ wá so ó pa. Ìyẹn á gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Stop leak ò lè mú họ́ọ̀sì tó ya, ẹ má fi owó yín ṣòfò síbẹ̀.

Níbo wá ni stop leak ti wúlò? Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára alumíníọ̀mù àárín rédíétọ̀, ibi tí omi ti ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín ike àti alumíníọ̀mù, hítà tó ń jò kékeré, tàbí àwọn irin roboto tí wọ́n fi dí ihò ara bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì tí eteetí wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Bí mo ṣe máa ń dán an wò nìyí: ẹ pọn omi kún rédíétọ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Tó bá ń kán tó, tó, tó, stop leak lè mú un. Tó bá ń ṣàn, tí omi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i ti wà nílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò lè mú un, ẹ wá ọkọ̀ tó máa fà yín, kódà tí owó ẹ̀ bá dùn yín, torí ẹ́ńjìnnì tó rìn láìlómi kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ike yẹn, torí ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ní ṣì í lò. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Oríṣi kan jẹ́ ìyẹ̀fun tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ara ewéko ṣe, kódà atalẹ̀ lílọ̀ wà nínú àwọn kan, atalẹ̀ tá a fi ń po àgbo yìí náà. Oríṣi kejì, alumíníọ̀mù tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú ẹ̀, ẹ máa rí i tó ń dán yinrinyinrin nínú omi. Oríṣi kẹta ni èyí tí wọ́n sábà máa ń tà fún tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín tọ́ọ̀pù sìlíńdà àti bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, sodium silicate ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tẹ́ ẹ bá wò ó omi ni, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tó gbóná gidi tí omi ara ẹ̀ gbẹ dànù, á le, á di gíláàsì síbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ewéko tàbí alumíníọ̀mù máa ń bá omi yí káàkiri, tó bá dé ojú ihò, agbára tó wà nínú rédíétọ̀ á tì í síbẹ̀, á há, òmíràn á tún wá há lé e lórí, títí ihò á fi dí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò ní ojú tó fi máa mọ̀ pé ihò tó ń jò rèé, ọ̀nà tóóró tí omi gbọ́dọ̀ gbà rèé. Àwọn páìpù inú rédíétọ̀ àti ti hítà tín-ín-rín gan-an, tẹ́ ẹ bá da stop leak jù, tàbí tí ìpẹtà ti ń dí wọn bọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa di. Mọ́tò tó ń jò lánàá ò ní jò mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n á máa gbóná, tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, jíjò ni màá mú, torí omi tó ń jò ẹ lè fojú rí i kẹ́ ẹ sì fi òmíràn kún un.

Nǹkan gidi ni o, kì í ṣe oògùn ẹ̀tàn. General Motors ní Amẹ́ríkà fúnra wọn ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì irú ẹ̀ sínú àwọn ẹ́ńjìnnì Cadillac kan láti ilé iṣẹ́, Northstar tó jáde ní àwọn ọdún 1990 wà lára wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi síbẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ti sọ fún pé ẹyin tútù tàbí ata gígún náà ń dí rédíétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, òótọ́ ni pé ẹyin á jinná nínú omi gbígbóná yẹn, ó lè há síbi tó ń jò fúngbà díẹ̀, ìyókù ẹ̀ ńkọ́, inú páìpù ló máa rà sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dà á. Kẹ́ ẹ tó ṣí ike yẹn rárá, ẹ yọ géèjì ọ́ìlì wò. Tí ọ́ìlì bá ti funfun tó sì ki, omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́, iṣẹ́ ńlá ti wà níbẹ̀. Ẹ tún yọjú sínú rédíétọ̀, tí mọ́tò yín bá jẹ́ ọ́tò tẹ́ ẹ sì rí nǹkan píǹkì tó ki tó ń yọ̀ lórí omi, ọ́ìlì gíà ti bá omi pàdé nínú rédíétọ̀, ìyẹn náà kì í ṣe ti stop leak, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wà á lọ síbì kankan kí gíà má bàa lọ sí i.

Tí méjèèjì bá mọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Wọ́n á kọ iye líta omi tí ike kan wà fún. Gbogbo omi tó wà nínú mọ́tò kékeré bíi Corolla kò ju nǹkan bíi líta 6 sí 7 lọ, nítorí náà tí ike bá wà fún líta 12, ìdajì lẹ máa dà, ẹ tọ́jú ìdajì tó kù. Wọ́n á tún kọ bóyá ó lè wà pẹ̀lú kúláǹtì. Àwọn tó ní silicate nínú, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò bá kúláǹtì rẹ́, tí wọ́n bá pàdé wọ́n á dì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú kúláǹtì dànù kẹ́ ẹ fi omi lásán fọ inú ẹ̀, tí wọ́n bá kọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe o, ẹ má ní ojú ọ̀nà lẹ wà. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, irú yẹn kọ́ lẹ máa lò, ẹ lo èyí tó ní ewéko tàbí alumíníọ̀mù.

Ẹ gbọn ike náà dáadáa, torí ohun tó rò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gan-an ni oògùn. Inú rédíétọ̀ lẹ máa dà á sí, kì í ṣe inú ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tá à ń gùn níbí, omi inú ike yẹn kì í bá ti ẹ́ńjìnnì yí káàkiri, omi tó bá pọ̀ jù ló ń gbà sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá da stop leak síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Àwọn mọ́tò kan wà bíi ọ̀pọ̀ Volkswagen tó jẹ́ pé rédíétọ̀ wọn ò lọ́mọrí, ara ike lọmọrí wà, ti àwọn yẹn lẹ máa dà sínú ike. Tí rédíétọ̀ bá kún dé ẹnu, ẹ tú díẹ̀ dànù nísàlẹ̀ kó lè gba oògùn náà, ẹ rọra dà á, kẹ́ ẹ wá fi omi kún un.

Omi wo? Lójú ọ̀nà, píọ̀ wọ́tà ló máa ń wà nítòsí jù, ọ̀rá kan jẹ́ 50 cl, ọ̀rá 12 jẹ́ líta 6, ẹ ra tó pọ̀ kẹ́ ẹ fi àwọn kan sínú búùtù. Tó bá jẹ́ omi odò tàbí omi kànga nìkan lẹ rí, ó sàn ju kí ẹ́ńjìnnì gbẹ lọ, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ, kẹ́ ẹ sì ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ máa fọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan hítà, ẹ jẹ́ kí ọmọrí ṣí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ máa fi omi kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ wá dé e pa kó tó gbóná. Ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gbóná ni tẹ́mọ́sítáàtì, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀, kì í ṣí àfi tí omi bá tó nǹkan bíi 82 sí 90°C, tí kò bá tíì ṣí, inú rédíétọ̀ nìkan ni stop leak máa wà, kò ní yí dé ibòmíràn. Tí họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá ti gbóná méjèèjì, ó ti ń yí nìyẹn. Ẹ wo fáànù pẹ̀lú, ṣé ó ń yí? Fáànù tó ti kú máa ń mú mọ́tò hó, omi á máa tú jáde, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé rédíétọ̀ ló ń jò.

Tí jíjò bá ti dín kù tàbí tó ti dúró, ẹ máa lọ. Tó bá di ìdajì wákàtí tí kò dín kù, ẹ má da ike kejì sí i. Ike kejì yẹn ló ń dí rédíétọ̀ àwọn èèyàn.

Ẹ rọra tẹ iná o, ẹ má tan AC, ẹ má kó ẹrù wúwo gun òkè. Tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ yọjú sábẹ́ mọ́tò, ẹ wo omi inú ike ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀, ojú yín kó sì má kúrò lára géèjì. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ò mọ̀ nípa géèjì yẹn: ohun tó ń gbé ìròyìn fún un, inú omi ló wà. Tí omi bá tán pátápátá, kò sí ohun tó máa wọ̀n mọ́, ọwọ́ géèjì lè wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yin á rò pé ara mọ́tò ti yá, ẹ́ńjìnnì sì ń jóná lọ́wọ́. Nítorí náà, tí géèjì tó ti wà lókè bá ṣàdédé já wálẹ̀, tàbí tí hítà tẹ́ ẹ tàn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tútù, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ pa á.

Ní ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí sáláńsà bá ń tú èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi ń hó kùú kùú kùú nínú rédíétọ̀ bẹ́ ẹ ṣe tan mọ́tò tútù láàárọ̀, tí họ́ọ̀sì òkè ń le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí omi sì ń dín kù láìsí ibi tó ń kán sí nílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kẹ́ ẹ fura sí. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ta stop leak fún un, ó sì máa ń mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má gbára lé e, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, torí tọ́ọ̀pù tó ti tẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa ha á kó tẹ́jú padà, oògùn inú ike ò lè tẹ́ irin.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ stop leak ni àwọn tó ń dà á sí mọ́tò tó ti bàjẹ́ kí wọ́n lè tètè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹnì kan á fi gbogbo owó àjọ ẹ̀ ra mọ́tò, oṣù kan ò ní pé, ó ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra, tókunbọ̀ ni o, ti Nàìjíríà ni o, ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ní kí wọ́n má tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ṣí ọmọrí rédíétọ̀, ẹ fi ìka kan abẹ́ ọmọrí náà àti ẹnu rédíétọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹrẹ̀ tó ki, tàbí nǹkan tó ń dán wẹ́wẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè. Tí ìdáhùn wọn ò bá yé yín, ẹ tẹ̀ síwájú, mọ́tò pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ má sọ pé ó ti dúró kẹ́ ẹ wá gbàgbé ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n tún ibi tó ń jò ṣe gan-an, kí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ tó bá jẹ́ òun ni, tàbí pọ́ǹpù, tàbí họ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé, "Bọ̀ọ̀dá, mo da stop leak sí i lójú ọ̀nà o." Ẹ má fi pa mọ́, torí tó bá tú u tó rí ẹrẹ̀ nínú ẹ̀, ohun mìíràn ló máa rò. Òun náà lè sọ pé, "Ọ̀gá, kò jò mọ́ ná, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ẹ dá a lóhùn pé ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì ní òun fẹ́ yọ tẹ́mọ́sítáàtì sọnù kí mọ́tò lè máa tutù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún wa, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi òmíràn síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mọ́sítáàtì á pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, á máa jẹ epo, á sì máa jẹ ara ẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Fífọ̀ ẹ̀ ò le. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú síkúrù ìdí rédíétọ̀, kí gbogbo ẹ̀ jáde sínú báàfù, ẹ dí i, ẹ fi omi mímọ́ kún un, ẹ tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú hítà títí tẹ́mọ́sítáàtì á fi ṣí, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún tú u. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Ẹ tú ike ẹ̀gbẹ́ náà sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ inú ẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, kúláǹtì ni kẹ́ ẹ dà sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé àwọn òyìnbó ló ń lò ó nítorí yìnyín, Àkúrẹ́ ò ní yìnyín. Kì í ṣe yìnyín nìkan ló wà fún. Òun ni kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, òun ló ń dáàbò bo síìlì wọ́tà pọ́ǹpù, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó: ìdajì kúláǹtì àti ìdajì omi, pẹ̀lú ọmọrí psi 15 tó dáa, kì í hó títí táá fi tó nǹkan bíi 129°C. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ omi tẹ́lẹ̀, ẹ má bomi là á mọ́. Tó bá jẹ́ ojúlówó tí kò tíì lómi, omi tí wọ́n ti sẹ́ iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò lẹ máa fi pò ó, wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì, ẹ ṣáà rí i pé omi ni wọ́n fún yín, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ píǹkì.

Èyí tẹ́ ẹ tú jáde wá ńkọ́? Ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì, májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu, ìyẹn ló fi léwu. Ajá á lá a, ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé náà lè bù ú mu, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́ débi pé ó lè pa èèyàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú báàfù lójúde lálẹ́, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò mínírà tàbí ike omi mímu, bó ti wù kó kéré mọ. Kẹ́ẹ̀gì tí ọmọrí ẹ̀ dé dáadáa ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára gàdàgbà, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé. Tẹ́nikẹ́ni bá sì ti mu nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ díẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ike kúláǹtì náà dání kí dókítà lè rí ohun tó wà nínú ẹ̀.